Ìgbà Òtútù Tí Òpó Wa Wó

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kejì, 1997

Òpó amóhùnmáwòrán wa wó lónìí, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Láti ọjọ́ Ajé ni yìnyín ti ń dì mọ́ ọn lára. Nígbà tó fi máa di àná, ó ti nípọn tó ọwọ́ mi lára àwọn okùn irin tó fà á dúró. Afẹ́fẹ́ wá já wọlé láti ìhà Kánádà láàárọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ sì parí. Ẹgbẹ̀fà ẹsẹ̀ bàtà irin, gbogbo rẹ̀ dùbúlẹ̀ nínú oko àlìkámà Albert Fode bí ejò tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́. Duane Heupel, tó ti ń bá mi mójú tó ẹ̀rọ láti ọdún mẹ́rìnlélógún, wà nínú ilé ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní ìró kan bí ìgbà tí okùn gìtá já ni òun kọ́kọ́ gbọ́, òun sì kó sábẹ́ tábìlì. Kò fara pa. Ọpẹ́ ni.

Èmi ni mo fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ihò tí wọ́n rì í sí ní 1953. Mo kọ ọ́ síbí nítorí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi báyìí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òpó náà hù látinú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Kíláàsì kẹjọ ni mo kà mọ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ti ń ta rédíò. Ṣùgbọ́n láti Brandvold dé ẹnubodè Montana, kí ẹnikẹ́ni fi ilé àgbẹ̀ kan hàn mí tí kì í ṣe èmi Palmer Lindvig ni mo kọ́kọ́ mú àwòrán wọ̀ ọ́.

Ìkànnì Kẹfà ti dákẹ́. Ti Coldwater àti ti Rask, ìbùdó mi méjì yòókù, náà dákẹ́, nítorí inú tiwa ni àwọn méjèèjì ti ń fa àwòrán. Ìbùdó mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Marlys ti wá ìwé àdéhùn àwa àti Meridian jáde, àwọn ará Níú Yọ́ọ̀kì tí à ń gba eré wọn hàn. Ọmọ mi obìnrin ni, òun ló ń darí ilé-iṣẹ́ fún mi, kò sì sí ẹni tó lè darí òun. Ó ka ojú ìwé kẹsàn-án fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìbùdó bá dákẹ́ lójú afẹ́fẹ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko, Meridian lè kó gbogbo ètò rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa. Mo ní àwọn ará ìlú tó ń gba àwòrán látorí wáyà ṣì ń rí wa. Ó ní wọn ò kọ wáyà síbẹ̀, afẹ́fẹ́ ni wọ́n kọ.

Èyí já sí pé a ní títí di ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta. Mo pe àwọn mẹ́ta tó ń ṣe òpó. Èyí tó yá jù nínú wọn ní ó di oṣù kẹfà.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Òtútù dé ìwọ̀n mọ́kànlélọ́gbọ̀n lábẹ́ òdo. Ọkọ̀ Marlys kọ̀, a gbé tèmi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo èèyàn ló wá bá mi kẹ́dùn. Reinhold Wanner nìkan ni kò wá. Ó gbójú lé ìwé orin nígbà tí kò sẹ́ni tó ń kọrin.

Ọjọ́ Ajé, 10

Thayer pè láti Níú Yọ́ọ̀kì. Òun ni olórí ẹ̀ka tó ń ra ìbùdó fún Meridian. Láti ọdún tó kọjá tí ìjọba ti ní kí wọ́n máa rà á bó ṣe wù wọ́n, wọ́n ń ra ìbùdó bí ẹni ń ṣa ẹyin lábẹ́ adìyẹ. Ní oṣù kẹwàá, mílíọ̀nù mọ́kàndínlógún dọ́là ló fi lọ̀ mí fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lónìí ó di mọ́kànlá.

Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ó ní, “Mister Lindvig, ẹ ti ṣe bẹbẹ. Ẹ jẹ́ ká gba ẹrù náà lórí yín wàyí.”

Mo ní orí mi kò tíì sọ fún mi pé ó rẹ òun.

Mo mọ ohun tó máa ṣe. Ó ṣe é fún àwọn ará Duluth. Á máa ti ọ̀nà jíjìn darí wa, á sì dá méjìlélọ́gọ́ta èèyàn dúró. Nígbà tí ìjì àfẹ́yíká bá ń bọ̀, èèyàn kan tí kò rí ìlú wa rí ni yóò máa sọ fún wa pé ká sá. Ní 1955 àwọn Meridian gan-an ló wá bẹ̀ mí kí n máa fi eré wọn hàn. Ọkùnrin méjì pẹ̀lú bàtà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ẹrẹ̀ oṣù kẹrin. Èmi ni mo fi pákó tẹ́ ọ̀nà fún wọn kí wọ́n tó lè dé ẹnu ọ̀nà mi.

Ọjọ́rú, 12

Duane ní òun ti rí ibi tí a lè gbé ẹ̀rọ kékeré kan sí ná: orí àká ọkà ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Kọnkéré ni, ó ga tó igba ẹsẹ̀ bàtà ó dín díẹ̀. Kò tún sí ohun tó ga tó o ní gbogbo agbègbè báyìí tí tiwa ti wó.

Mo ní kó lọ wá ibòmíì. Ó ní kò sí ibòmíì. Mo ní kó tún wá a.

Reinhold Wanner ni alága ẹgbẹ́ náà.

Ọjọ́bọ̀, 13

N kò sùn dáadáa. Kí n kọ ọ́ kí ó lè kúrò láyà mi.

Ní oṣù kẹta ọdún 1995, mo fi àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké hàn ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo sì yọ eré Meridian kúrò. Wọ́n kọ̀wé sí mi pé bí mo bá tún dán an wò, àwọn máa lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìlú tiwa, Brandvold, ló dé àṣekágbá. Láti ọdún mọ́kànlélógójì, kò ṣẹlẹ̀ rí. Ọmọ-ọmọ Reinhold wà nínú ẹgbẹ́ náà. Leona, ìyàwó Reinhold, wà lórí ibùsùn nílé, jẹjẹrẹ ti jẹ ẹ́ dé egungun, kò lè débẹ̀.

Eré Meridian ni mo fi hàn. Àwọn ọlọ́pàá méjì tó ń fi ọkọ̀ lé ara wọn ní California. Brandvold gba ife. Leona kú ní oṣù karùn-ún. Láti ọjọ́ náà, Reinhold, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń dẹ pẹ́pẹ́yẹ fún ọgbọ̀n ọdún, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo lọ. Mo sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Nílé àwọn èèyàn wa, wọ́n á fi kọfí lọ̀ ọ́, wàá kọ̀. Wọ́n á tún fi lọ̀ ọ́, wàá ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Ẹ̀ẹ̀kẹta lò ń gbà. Ohun tó bá gbé ọ wá kò sì gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ títí wọ́n á fi bu ife kejì. Mo ti mọ èyí kí n tó mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́jọ ti lọ nínú ọgbọ̀n. Bí Reinhold ṣe fi kọfí lọ̀ mí nílé rẹ̀ ni mo gbà, bí mo sì ṣe jókòó ni mo ti ní, “Orí àká ọkà yín ni mo fẹ́.”

Ó bojú wo ife mi. Ó ní kọfí ti tán nínú ìkòkò. Mo sì rí èéfín tó ń jáde lẹ́nu ìkòkò náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

A rí ẹ̀rọ tí ń tú àwòrán sáfẹ́fẹ́ rà ní Billings, àlòkù tó dàgbà ju Marlys lọ. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n dọ́là. Wọ́n ti ọ̀nà pa nítorí yìnyín, ọjọ́ méjì ni awakọ̀ fi sùn sí Glendive. Mo rà á láìtíì ní ibi tí màá gbé e sí. Marlys ní ìwà wèrè nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ra Coldwater ní 1961.

Ọjọ́rú, 19

Reinhold ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Mo rò pé àwa méjì ni. Mo débẹ̀, mo bá àgbẹ̀ mẹ́jọ lórí ìjókòó, kékì kuchen wà láàárín wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ kọfí lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà á lẹ́ẹ̀kẹta. A sọ̀rọ̀ iye owó àlìkámà. A sọ̀rọ̀ yìnyín, pé bó bá yọ́ tán, odò yóò kún. Wọ́n bu ife kejì. Mo panu mọ́ síbẹ̀.

Reinhold ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Sọ fún wọn, Palmer. Sọ ìdí tí Leona kò fi rí ọmọ-ọmọ wa.”

Mo ní àwọn ará Níú Yọ́ọ̀kì ni wọ́n ní kí n má fi hàn.

“Ṣé àwọn ló ni ìbùdó náà ni?”

“Èmi ni mo ni ín.”

“Kí ló wá dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?”

N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyá Marlys nígbà tó wà láyé. Mo ní, “Ẹ̀rù bà mí.”

Vernon Schock, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà, tí kò lè panu mọ́ níbi ìsìnkú pàápàá, wá ní, “Ẹ gbọ́ o, baba tó ní òpó òun ni àwọn ẹyẹ pẹ́pẹ́yẹ fi ń mọ̀nà lọ sí Kánádà, ẹ̀rù ń bà á.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Reinhold kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti àwo kuchen sọ́dọ̀ mi.

Ó ní àwọn máa fún mi lórí àká. Àwọn kò gba kọ́bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́: àṣekágbá ìdíje, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta, bó ṣe ń lọ gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn ìròyìn alẹ́ nígbà tí àgbẹ̀ ti sùn. Mo na ọwọ́, ó gbà á.

Nígbà tí mo délé, Marlys béèrè ìwé àdéhùn. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi hàn án. Ó fi orí lé tábìlì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Brandvold já kúrò nínú ìdíje, ààmì mẹ́ta péré ni wọ́n fi jù wọ́n lọ. Ìlú dákẹ́ bí ilé òkú.

Ọjọ́bọ̀, 27

Àwọn mẹ́ta tí mo gbà láti Oklahoma pé kí wọ́n wá gun àká, wọ́n wo òkè, wọ́n wo yìnyín, wọ́n gba pápákọ̀ òfurufú lọ. Olórí wọn ní ẹnikẹ́ni tó bá gun nǹkan nínú afẹ́fẹ́ yìí, orí rẹ̀ ti dàrú. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ti lọ.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Afẹ́fẹ́. Kò sí ohun tí a ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 6

Afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ láago mẹ́sàn-án àárọ̀. Duane, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tí orúnkún ń dùn, gba inú àká gòkè lórí bẹ́líìtì tó ń yí lọ sókè, tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkà fi ń gùn ún. Vernon Schock àti àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìsàlẹ̀ ni èmi àti Reinhold wà, tí à ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa àpò sókè fa ẹ̀rọ tiwa. Wákàtí márùn-ún. A kò sọ̀rọ̀ ju “fà á” àti “dúró” lọ. Lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ náà yí gbirigbiri lójú afẹ́fẹ́, mo sì rí i pé Reinhold di apá mi mú. Nígbà tó rí i pé mo rí i, ó fi sílẹ̀.

Òtútù ti sọ ìka méjì Duane di funfun bí ẹ̀fun nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. Dókítà ní òun kò ní gé wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ní ọ̀sán. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. A wà lójú afẹ́fẹ́. Ti Coldwater jí. Ti Rask jí.

Obìnrin kan pè láti oko kan tó jìnnà tó ogójì máìlì. Ó ní àwòrán náà dà bí ẹni ń wo èèyàn látinú ìjì yìnyín, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé ẹni tó ń sọ ojú ọjọ́ nìyẹn, òun mọ táì rẹ̀. Mo sọ fún gbogbo ọ́fíìsì. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, kíláàsì kẹjọ, mo gbé ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán mẹ́ta ka orí àká àlìkámà. Kí wọ́n lọ kọ ìyẹn sínú ìtàn ilé-iṣẹ́ wọn ní Níú Yọ́ọ̀kì.

Ọjọ́ Ajé, 10

Thayer pè. Ó kí mi kú oríire. Lẹ́yìn náà ó ní òun gbọ́ pé à ń polówó bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní nígbà náà, ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ Àìkú ni Meridian yóò bọ́ lára wa, tí yóò sì lọ sí Ìkànnì Kẹsàn-án, àwọn tí à ń bá du ìpolówó láti ogún ọdún. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi eré tiwọn hàn, òun ní àdéhùn ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ fún mi, kò sì ní sọ̀rọ̀ títà mọ́.

Ó ní, “Ìlú yín gan-an kò sí nínú ìdíje náà, sà. Ta lẹ fẹ́ fi í hàn?”



Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Marlys ní kí n lọ bá Reinhold kó tú mi sílẹ̀ nínú ìlérí náà. Ó ní Reinhold kì í ṣe ọ̀dájú, pé nítorí Brandvold ló ṣe béèrè, Brandvold sì ti já. Mo ní àṣekágbá ló sọ, kò dárúkọ ìlú. A gbé ohùn sókè sí ara wa. Ó ní, “Dádì, iṣẹ́ ọgọ́ta èèyàn lẹ fẹ́ fi ra ojú rere èèyàn kan ṣoṣo.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Òótọ́ wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 12

Mo lọ. Mo kọ kọfí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó bu ife kejì, mo ṣàlàyé fún un: ọdún mẹ́wàá, Ìkànnì Kẹsàn-án, àwọn òṣìṣẹ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, “Mo ti tú ọ sílẹ̀, Palmer. A ò ní sọ ẹ̀rọ rẹ kalẹ̀. Máa lọ.”

Ó gbé ife mi, ó lọ fọ̀ ọ́ nígbà tí mo ṣì jókòó.

Ohun tí mo lọ wá ni mo rí gbà. Mo jókòó sínú ọkọ̀ títí gíláàsì rẹ̀ fi dì.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Hettner àti Saint Odile ló dé àṣekágbá. Ìlú méjèèjì kò ní wáyà.

Láago mẹ́ta, èmi ni mo gbé fóònù torí ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà ti lọ jẹun. Obìnrin kan láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Hettner ni. Kò mọ̀ pé èmi ni. Kò bẹ̀ mí ní nǹkan kan. Aago tí bọ́ọ̀lù máa bẹ̀rẹ̀ ló fẹ́ mọ̀, nítorí wọ́n ti ti ibùsùn mẹ́tàlá wọ yàrá ńlá, wọ́n sì fẹ́ fún àwọn arúgbó lóúnjẹ ṣáájú.

Mo ní, “Aago méje.”

Ó dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Mo lọ bá Marlys, mo sọ fún un. Ó jókòó, ó ń yí bírò lọ́wọ́. Mo ń retí pé yóò pè mí ní alágídí, èyí tí mo jẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ta ló máa ṣàlàyé bọ́ọ̀lù náà? Ohùn Gordy tó máa ń ṣe é ti há.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Mo jókòó síwájú kámẹ́rà láago méje ku ìṣẹ́jú kan. Mo sọ pé eré tí wọ́n máa ń rí ní àkókò yìí kò ní sí lálẹ́ òní, pé èmi Palmer Lindvig ni mo ní kí ó má sí, kì í ṣe ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù.

Hettner fi ààmì kan ṣoṣo gbà á. Ọmọ gíga kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ ló sọ ọ́ wọ apẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìṣẹ́jú àáyá méjì kù. Ogún ọdún rèé tí n kò ti pariwo báyẹn.

Reinhold kò pè.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Ìwé Meridian pé àwọn ń lọ ti wọlé lórí ẹ̀rọ fáàsì kí n tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìlà mẹ́rin. Ọdún méjìlélógójì, ìlà mẹ́rin.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ láàárọ̀, ní Brandvold, mo sì fi fóònù pe Coldwater àti Rask. Mo sọ fún wọn bí ó ṣe rí. Mo ní n kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró ṣáájú ìgbà ìkórè, lẹ́yìn ìyẹn n kò mọ̀. Obìnrin méjì sunkún. Duane, pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́, béèrè bóyá a ṣì ń ṣe òpó tuntun. Mo ní a ń ṣe é. Marlys wo mí, kò sì takò mí.

Ní ọ̀sán, ó wá bá mi. Ó ní ìròyìn ìrọ̀lẹ́ wà, ìròyìn alẹ́ wà, ṣùgbọ́n láti aago méje títí di mẹ́wàá kò sí nǹkan kan. Àwọn fíìmù àtijọ́ tí a rà kò ní dé títí di Ọjọ́bọ̀. Ó ní kí ni kí òun kọ síbẹ̀. Mo ní kó kọ orúkọ mi.

Ó ní, “Kí lẹ fẹ́ sọ?” Mo ní n kò mọ̀.

Láago méje mo jókòó. Mo kí wọn káalẹ́. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, láti ọjọ́ tí òpó wó títí dé ìwé ìlà mẹ́rin, n kò bu iyọ̀ sí i, mo sì sọ ibi tí ẹ̀rù ti bà mí. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ máa wo eré Meridian, Ìkànnì Kẹsàn-án ni kó yí i sí, kò sí ìjà. Mo ní ẹni tó bá dúró, àwa náà wà níbí.

Nígbà tí mo parí, mo wo aago ara ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá péré ni mo fi sọ gbogbo ẹ̀. Ó ku wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mo fa àga mọ́ tábìlì, mo ní ẹni tó bá ní nǹkan láti sọ, kó pè, fóònù nìyí. Mo ka nọ́ńbà rẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Fóònù kò dún. Mo tún ka nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kẹta, díẹ̀díẹ̀, fún àwọn tó ṣì ń wá bírò.